Àdìó Gba Ipò Kìíní

Bí ẹ bá dárúkọ Àdìó olóògbé ní Ìyànà Ìbà títí dòní, ọ̀rọ̀ aláriwo ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Kíláàsì àwọn àgbà ni, ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbà, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Tíṣà Dámilárá jáde lọ gba ìpè. Àdìó, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin tó ń ṣe kúṣìn àga jẹun, ni kápítéènì kíláàsì. Ó dìde, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó: ÀWỌN ALÁRIWO. Ó wá tò ó sísàlẹ̀: Ìkíní, Maimunat. Ìkejì, Maimunat. Ìkẹta, Maimunat, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó rẹ̀ láti ogójì ọdún ni Maimunat.

"Bàbá Hameedat, kí ni mo ṣe?"

"Nílé ni mo ti ń jẹ́ Bàbá Hameedat. Kápítéènì ni mo ń jẹ́ níbí." Ó bá kọ orúkọ rẹ̀ nígbà kẹrin.

Òfin kíláàsì ni pé aláriwo ló ń gbálẹ̀. Nígbà tí Tíṣà wọlé, Maimunat mú ìgbálẹ̀, ó gbá kíláàsì mọ́ tónítóní, ó sì gbé ìgbálẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Mo ti gbá ti kápítéènì. Ti Bàbá Hameedat ló kù nílé." Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Àdìó fi gbálẹ̀ ilé, tí àwọn ayálégbé ń jáde wá wò ó.

Kì í kúkú ṣe ariwo ló ń dun Àdìó. Ní kékeré, ní Ìṣẹ́yìn, ipò kìíní ló wà ní pírámárì mẹ́rin kí bàbá rẹ̀ tó kú, tí wọ́n sì yọ ọ́ níléèwé. Láti ìgbà náà ló ti ń wá ipò kìíní rẹ̀ kiri. Nígbà tí kíláàsì àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Ó mú Maimunat dání, kó lè rí ẹni tí yóò máa bi í ní ìbéèrè nílé. Ni Maimunat bá gba ipò kìíní, Àdìó gba ìkejì. Táàmù tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, àánú Àdìó ti ń ṣe Tíṣà.

Ó sì ti ṣètò ayé rẹ̀ sílẹ̀ o. Yóò ṣe sẹ́kọ́ńdìrì, yóò wọ yunifásítì tó wà ní Ọ̀jọ́ níbẹ̀, yóò di lọ́yà. Maimunat bá a ṣírò ọdún.

"Ẹ ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ta ló máa gbé ẹjọ́ fún yín?"

"Adájọ́ á dọ̀bálẹ̀ kí mi ná. Ẹjọ́ ti parí nìyẹn."

Sáyẹ́ǹsì ló fẹ́ràn jù. Tíṣà ní kí wọ́n gbin ẹ̀wà sínú agolo mílíìkì méjì, kí wọ́n gbé ọ̀kan sínú oòrùn, èkejì sínú òkùnkùn. Àdìó wá gbogbo ilé, kò rí ibi tó ṣókùnkùn tó àpótí aṣọ ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, Maimunat ṣí àpótí, ẹ̀wà ti hù wọnú gèlè rẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn án," ni Àdìó wí. "Ìwádìí ń lọ lọ́wọ́."

Ìdánwò ìparí ọdún dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Àdìó kò fi yọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Tíṣà ka èsì, Àdìó ti fi máàkì kan ju Maimunat lọ. Ó kàn jókòó, omi ń dà lójú rẹ̀.

Maimunat gbé ìwé ìdánwò ìṣirò tirẹ̀ délé, ó ro máàkì inú rẹ̀ pọ̀. Tíṣà ti gbàgbé láti ka ìbéèrè kẹjọ mọ́ ọn, máàkì márùn-ún gbáko. Inú bí i gidigidi, nítorí kò fẹ́ràn ìrẹ́jẹ rárá. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ju ìborùn sọ́rùn, ó fi ìwé há abíyá, ó di ilé Tíṣà ní Okokomaiko.

Ní Ìyànà Ìbà, ó rí àwọn oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n pagbo. Àdìó ló wà láàárín wọn, ó fi nílọ́ọ̀nù wé káàdì èsì rẹ̀ kí ọwọ́ má baà bà á jẹ́.

"Bàbá, ta ló wá ṣe ìkejì?" ni ọ̀kan nínú wọn béèrè.

"Ìyàwó mi ni. Ẹ ò mọ obìnrin yẹn. Ọpọlọ ẹ̀ pé ju ti gbogbo wa lọ. Ẹni tó bá fi máàkì kan péré ju Maimunat, kó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Maimunat dúró lẹ́yìn ọlọ́sàn kan, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó padà sílé. Kò sọ ọ́ fún un rí. Oṣù méjì ni Àdìó fi gbé ipò kìíní kiri àdúgbò kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúrà fídáù, Tíṣà Dámilárá wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Maimunat. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Mo ń tún máàkì yín kà, mo rí àṣìṣe. Ẹ̀yin gan-an lẹ gba ipò kìíní. Mo fẹ́ tún káàdì yín kọ."

"Ẹ lọ tún un kà."

"Mo ti kà á nígbà mẹ́ta, Màmá."

"Ìṣirò ò yé yín, Tíṣà. Bàbá Hameedat fi máàkì kan jù mí lọ." Ó fi etí ìborùn nu ojú Tíṣà kó tó nu tirẹ̀. "Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tó fi wá a."