Orúkọ Tó Gba Bàbá Rẹ̀ Là

Eyín ẹlòmíràn ni ọkùnrin yìí fi ń jẹun. Nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìtọ́jú eyín, níbi tí lẹ́búlẹ́bú pilásítà ti máa ń sọ irun orí èèyàn di ewú lọ́sàn-án gangan, ló ti ń fi ìda àti iná kékeré mọ eyín àtọwọ́dá fún àwọn tí eyín ti ká lẹ́nu wọn. Eléyín ni tẹrú tọmọ ń pè é. Ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ dán àwọn eyín náà, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Eléyín, ìwọ tó ò ń fún gbogbo ìlú lẹ́rìn-ín, tìrẹ dà?" Àwàdà ni tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ àìsàn, ó ti kúrò ní àwàdà.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Olúwa fi ta á lọ́rẹ, ìyá ọmọ náà sì ti sùn nínú Olúwa. Ọmọ yìí kàwé dé Ìlú Ọba, ó sì ríṣẹ́ síbẹ̀, kí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì tó dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ báyìí. Kò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sílé, kò sì sí ará kan, kò sí ọ̀rẹ́ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Eléyín tọrọ ìwé àbẹ̀wò, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi ilẹ̀kùn gbá a lójú: ọkùnrin tí kò láya, tí kò nílé, bó bá dé ọ̀hún, kí ló fẹ́ dá a padà?

Ìgbà náà ló rántí bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Àwọn òbí bàbá àgbà náà ti lọ kàwé ní Ìlú Ọba láyé ọjọ́un. Wọ́n fi àkọ́bí wọn sílẹ̀ nílé, wọ́n sì bí ọmọ kejì sí ọ̀hún. Ọmọ kejì yẹn ni bàbá àgbà Eléyín, ìwé ìbí rẹ̀ sì wà níbẹ̀ gbọnrangandan, kòkòrò ò jẹ ẹ́. Òfin sì sọ pé ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ náà lè lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó gbé ibẹ̀, kó sì di ọmọ ìlú náà bó bá yá. Kò ní bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò mọ́. Ogún ìran rẹ̀ ni yóò fi wọlé.

"Màmá mi kékeré," ló ń pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, "bó o bá gbọ́ kó-kó-kó lẹ́nu ilẹ̀kùn ọsibítù, èmi ni o."

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá mi, ẹ má kó eyín kankan sápò wá o. Àwọn nọ́ọ̀sì mi á sá." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí èémí fi dá a dúró.

Lọ́yà tó ń bá a to ìwé jẹ́ obìnrin tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó tẹ́ ìwé ìbí bàbá àgbà àti ti bàbá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì. "Bàbá, orúkọ ìdílé bára mu. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí wọ́n kọ pé ó bí bàbá yín kọ́ ni bàbá àgbà yín ń jẹ́ nínú ìwé tirẹ̀."

Eléyín ò mikàn. "Lọ́yà, nílé tiwa, orúkọ tí èèyàn ń jẹ́ ju ṣòkòtò rẹ̀ lọ. Ìyá á sọ tirẹ̀, ìyá ìyá á sọ tirẹ̀, àwọn àna ò ní gbẹ́yìn. Ọkùnrin kan náà ni."

"Ó dáa. Ẹ bá mi wá ẹni tó mọ̀ ọ́n lójúkojú, kó wá búra bẹ́ẹ̀."

Ẹnìkan péré ló ṣẹ́kù láyé tó lè ṣe é: àbúrò bàbá àgbà, obìnrin, tí wọ́n bí lẹ́yìn tí àwọn òbí ti àjò dé. Màmá ni gbogbo ẹbí ń pè é. Ojú fèrèsé ló jókòó sí nígbà tí Eléyín ka orúkọ inú ìwé náà sí i létí.

"Ta ló ní ọkùnrin kan náà ni?" Màmá yí sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ló ni orúkọ yẹn! Oṣù ò pé lára bàbá rẹ nígbà tí wọ́n bí i. Kò ju òròmọdìyẹ lọ. Bàbá àgbà rẹ sì rèé, gbẹ́nàgbẹ́nà tí kò lọ́gàá, agbára rẹ̀ ò ká owó ọsibítù. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ọmọ òṣìṣẹ́ wọn nìkan ni ọsibítù rélùwéè sì ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Bó ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, kò bọ́ fìlà, ó gbé ọmọ sáyà, ó wọnú òjò, ó ní, 'Èmi ni mo bí i.' Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ọmọ yè. Ta ló tún rántí ìwé?"

Eléyín wá dà bí àwọn ọmọ àlùfáà inú Bíbélì tí wọ́n ti ìgbèkùn bọ̀, tí wọ́n wá orúkọ ara wọn nínú ìwé ìran tí wọn kò rí i, tí a sì yà wọ́n kúrò nídìí pẹpẹ. Irọ́ tí ìfẹ́ pa ló mú bàbá rẹ̀ yè. Bí kò bá sí i, òun náà kì bá tí wáyé. Irọ́ yẹn kan náà ló wá dìde dúró láàárín òun àti ọmọ òun.

Ó sáré padà sọ́dọ̀ lọ́yà. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò."

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni, bàbá? Ẹ ní bàbá yín nìkan ni bàbá àgbà yín bí, bàbá yín náà ti lọ. Ẹ̀gbọ́n tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ò sì bímọ rárá, ẹ̀jẹ̀ Màmá ò sì lè sọ èwo nínú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì ló bí bàbá yín. Ta la máa fi wé ta? Bí Màmá bá sì sọ òtítọ́, wọn ò ní torí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán yí ohun tí ìwé ìjọba sọ padà."

Nígbà tí Eléyín délé rò ó fún Màmá, Màmá kò gbà. "Mú mi lọ sí kọ́ọ̀tù. Màá búra pé ẹnìkan ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì. Kí ni ẹ̀wọ̀n fẹ́ fi eegun lásán ṣe?"

Àwa tí a kò bímọ sí ọ̀nà jíjìn kò gbọdọ̀ yára dá Eléyín lẹ́jọ́. Ó mú un lọ. Lórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ́ọ̀tù, arúgbó náà ń kọ́ ẹnu rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo ní." Ó tún un sọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò parí rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan... Háà! Ó gbé e rìn nínú òjò o. Èmi ni mo di agboorùn mú. Kí n wá sọ pé kò wáyé?"

Akọ̀wé kọ́ọ̀tù pè wọ́n wọlé. Bíbélì wà lórí tábìlì rẹ̀, rọ́bà ni wọ́n fi dè é kó má baà tú. Eléyín wò ó. Ìwé yẹn ti kọ́ ọ láti kékeré pé Ẹni tí à ń fi orúkọ rẹ̀ búra kì í tòògbé. Ó di ọwọ́ Màmá mú. "Ẹ má bínú sà, a ò búra mọ́."

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àlàáfíà bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé ó ṣe òtítọ́. Ó mọ̀ dájú pé Olúwa mọ àwọn tí í ṣe tirẹ̀ láìbéèrè ìwé ìbí, kò sì ṣiyèméjì sí i rí. Síbẹ̀, bó ṣe ń mú Màmá sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ńṣe ló dà bíi pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi sin ọmọ rẹ̀ lóòyẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ pè é. "Bàbá mi, ìwé yín ti jáde?"

"Màmá mi kékeré, kò ní jáde mọ́."

Ó rò ó fún un, láti orí òròmọdìyẹ inú òjò dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ́ọ̀tù. Eléyín ń gbọ́ kíkùn ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀.

"Nígbà tí wọ́n gba ọmọ yẹn sí ọsibítù," ọmọ náà ní, "ṣé bàbá rélùwéè yẹn fi í sílẹ̀ lọ ni?"

"Rárá o. Màmá ní ó jókòó tì í títí ara ọmọ fi le."

"Ó mà dáa o." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ ṣe dáadáa, bàbá mi. Ẹ má sunkún. Ẹ ṣáà máa sọ̀rọ̀ kí n máa gbọ́ yín."

Eléyín bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún un. Kò tíì dé ibi àmín tí nọ́ọ̀sì kan fi gba fóònù náà, ó sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ó tó, kí ọmọ náà sinmi, ó sì pa fóònù náà.