Àmín Tí A Ṣe sí Ẹ̀fẹ̀ Ìyá

Láyé òyìnbó, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun n'Ílọrin, baba ọkọ mi gba asọ̀rọ̀mágbèsì kan, wọ́n sì gbé e kọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àpótí pákó ni, wáyà ló ń gbé ọ̀rọ̀ wá sínú rẹ̀ láti ìgboro. Kò sí bí èèyàn ṣe lè yí i kó gbọ́ ibòmíràn. Ohun tí wọ́n bá bù fún ọ náà ni wàá jẹ, bí oúnjẹ ilé àna.

Ọkùnrin kan wà nínú àpótí yìí tí gbogbo ilé fẹ́ràn. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń wá, kò sì sọ orúkọ ara rẹ̀ rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ìlú kọ̀ọ̀kan ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní Ìlọrin lòun ti fẹ́ ìyàwó, nítorí náà àna òun ni gbogbo wa, kò sì sí ibi tí kò ti bú wa dé. Ó ní bí ará Ìlọrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í kíni, ọbẹ̀ á ti jóná lórí iná kó tó kan ọmọ kẹta. Irọ́ ha ni bí? Àwọn aládùúgbò á kún ẹnu ọ̀nà wa, ẹ̀rín á máa pa wọ́n kú. Ìyá, ìyẹn ìyá ọkọ mi, á dá a lóhùn láti orí ẹní rẹ̀:

"Àna burúkú! Èyí tí a fún ẹ, ṣé kì í sebẹ̀ ni?"

Àpótí kò lè gbọ́, ìyẹn ò sì kan Ìyá. Ní tirẹ̀, ẹni tó bá fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀ tí o ò fi òun náà ṣe, àbùkù lo fi kàn án.

Oṣù àwẹ̀ dé, ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà wá bọ́ sí àsìkò ìṣínu gẹ́lẹ́. Bàbá á ti lọ sí mọ́sálásí, àwa obìnrin á gbé omi àti àkàrà síwájú, a ó máa retí ìpè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní: "Ẹ̀yin àna mi n'Ílọrin, mo mọ̀ pé ẹ ti tẹjú mọ́ oòrùn. Ẹ rọra o, kí ẹ má fojú fà á já!" Bí ìpè ti dún báyìí, Ìyá gbé omi, ó kọjú sí àpótí.

"Àna burúkú! Kí Ọlọ́run pa ẹ́ lẹ́nu mọ́, kí n má gbóhùn ẹ mọ́!"

Gbogbo ilé dáhùn: "Àmín!" A sì ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, ohùn òyìnbó kan ló jáde níbẹ̀, ó ń ka nǹkan bí ẹni tí eyín ń ro. A rò pé ọkùnrin wa pẹ́ ni. Ọjọ́ kejì rẹ̀, òyìnbó. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, òyìnbó. Aládùúgbò kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣàwàdà: "Ẹ̀yin ará ilé yìí, kí lẹ fi àna wa ṣe?"

Ìyá rọra gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀. "Àsìkò ìṣínu ni mo sọ ọ́," ó ní.

Kò sí ẹni tó ní kó túmọ̀ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni àfáà ti wàásù pé àdúà aláàwẹ̀ lásìkò ìṣínu kì í padà lófo. Ìyálé mi ló kọ́kọ́ gbọn ara rẹ̀:

"Èmi ò ṣàmín o. Omi wà lẹ́nu mi."

"Omi wo? Ohùn yín ló ga jù!" ni mo wí.

"Ìwọ ńkọ́, akọ̀wé? Àmín tìrẹ, ṣé èdè òyìnbó lo fi ṣe é?"

Nítorí pé mo kàwé díẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ wáyà lásán ni, kò kan àdúà. Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀, àyà mi ò gbọ́.

Bàbá ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún wáyà ṣe. Ó gun òpó, ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́. "Wáyà yín ò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn kúrò ni."

"Òun fúnra ẹ̀ ńkọ́?" ni Ìyá bi í. "Ṣé ó wà láàyè?"

"Ìyá, wáyà ni mo mọ̀. N ò mọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀."

Ìyálé mi lọ ra iṣu lọ́jà Ìpàtà, ó sì ru ọ̀rọ̀ bọ̀ mọ́ iṣu. Wọ́n ní àìsàn kọlu ọkùnrin náà, pé ẹnu rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ta ló sọ ọ́? Ẹni tó sọ fún ẹni tó sọ fún un. Bó bá jẹ́ ìgbà mìíràn ni, à bá fi ìyálé mi ṣẹ̀sín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyá dìde, ó wọ yàrá lọ.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá tó máa ń bá ewúrẹ́ ṣàwàdà kò bá èèyàn ṣe é mọ́. Bó bá ti mu omi ìṣínu tán, á fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan fẹ́ fò jáde níbẹ̀. Ó ń din àkàrà sàráà fún àwọn ọmọ ilé kéwú. Àfáà wá bá a sọ̀rọ̀: "Ìyá, àdúà kì í ṣe iṣu tí èèyàn ń dá padà lọ́jà. Ẹ ṣe òmíràn tó dára."

"Pẹ̀lú ẹnu wo, Àfáà?"

Ẹ̀rù tèmi tún yàtọ̀. Oyún inú mi ti wọ oṣù kẹjọ, Ìyá ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣàdúà fún ọmọ láàárín obìnrin ilé náà lọ́jọ́ súnà, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Mo ń dùbúlẹ̀, mo ń rò ó: bó bá kọ̀ ńkọ́? Bó bá ṣe é ńkọ́? N ò mọ èyí tó bà mí lẹ́rù jù.

A jáwẹ̀, a ṣọdún, a ò gbóhùn àna wa. Mo bí ọmọkùnrin. Lọ́jọ́ súnà, àfáà ṣe tirẹ̀ tán níta, wọ́n gbé ọmọ wọlé, wọ́n gbé e fún Ìyá. Ó gbé e lọ́wọ́, ètè rẹ̀ ò mì. Gbogbo obìnrin ń wò ó. Ojú rẹ̀ kò sí lára ọmọ, ara àpótí tó wà lára ògiri ló wà.

"Ọkùnrin inú àpótí," ó ní, "níbikíbi tó bá wà, kí Ọlọ́run fún un lóhùn, kí ó máa bú wa lọ."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìyálé mi tẹ orí ba. Ẹni tó ti fi àmín jóná rí, ó ń bẹ̀rù àmín.

"Ṣé omi wà lẹ́nu gbogbo yín ni?" ni Ìyá wí.

"Àmín," ni mo wí. Èmi nìkan.

Nígbà náà ló wá wo ojú ọmọ mi. Ó fà á mọ́ àyà, ó la ẹnu láti ṣàdúà fún un. Mo di ọwọ́ ìyálé mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi àmù.