Mùbárákù, Ọkùnrin Tó To Ìbọn Lójú Ìjọba

Lọ́jọ́ tí ìjọba rán èèyàn wá sí gbọ̀ngàn ìlú ní Ìwó láti wá ṣàlàyé òfin tí wọ́n fẹ́ ṣe lórí títa ẹ̀yà ara ìbọn, ọlọ́pàá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ìbọn wọlé. Ọdẹ gbọ́, ọdẹ gbà. Gbogbo wọn fi ìbọn sílé. Àfi Mùbárákù.

Ká sòótọ́, Mùbárákù náà kò gbé ìbọn wá. Ńṣe ló tú u. Ó ki igi ìdí rẹ̀ sábẹ́ agbádá, ó di àwọn irin wẹ́wẹ́ rẹ̀ sínú fìlà, ó sì gbé ọ̀pá irin gbọọrọ tí ọta ń gbà jáde fún Mikail ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó máa fi tilẹ̀ bí ẹni tí orúnkún ń dùn. Mikail kì í purọ́. Òógùn ti bò ó kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ọlọ́pàá ní, “Bàbá, kí lẹ gbé dání yẹn?”

Mikail la ẹnu láti jẹ́wọ́. Mùbárákù já a gbà lẹ́nu rẹ̀. “Ọ̀pá ni. Ẹ ò rí i pé ó fi ń tilẹ̀ ni?”

“Ọ̀pá oníhò?”

“Kó má baà wúwo ni wọ́n ṣe dá ihò sí i. Ẹ ò rí i pé àgbà ni?”

Wọ́n wọlé. Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò, ọ̀gá tó ti Òṣogbo wá, wọ kóòtù, ó fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, ó ní tí àwọn aṣòfin bá fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni tó bá ta ẹ̀yà ìbọn, ì báà ṣe igi ìdí rẹ̀, láìgba ìwé àṣẹ, yóò fojú ba ilé ẹjọ́. Gbọ̀ngàn hó. Ọdẹ Kuta ń pariwo, ọdẹ Ilé-Ogbó ń fapá jánú. Mùbárákù dìde, ó rọra rìn lọ síwájú, ó fa igi yọ lábẹ́ agbádá, ó gbé e sórí tábìlì.

“Ọ̀gá, kí lèyí?”

“Igi ni, Bàbá.”

“Ẹ ṣeun. Mikail, gbé ọ̀pá rẹ wá.” Mikail wọ́ ẹsẹ̀ lọ síwájú. “Èyí ńkọ́?”

“Irin ni.”

Àwọn ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà wo ara wọn lójú. Mùbárákù so irin mọ́ igi. Ó ní ṣé ó ti di ìbọn? Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò ní ó jọ pé kò tíì di ìbọn. Mùbárákù ṣí fìlà, ó fi irin kékeré kan sí i. Ó ní báyìí ńkọ́? Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò nu ojú.

“Ọ̀gá mi, òfin yín fẹ́ mú ẹni tó ta igi, ó fẹ́ mú ẹni tó ta irin. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo gan-an ló ń di ìbọn, kí n lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí n máa sá?”

Ẹ̀rín sọ. Mùbárákù fi sípíríǹgì tó kù sí i, ó fa ibi tí ìka ń fà, pé kí ó dún kẹ́ẹ́ lásán kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́. Kàkà kó dún, ńṣe ni sípíríǹgì fò jáde, ó sì yí lọ sábẹ́ àga. Ni gbogbo gbọ̀ngàn bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àtọlọ́pàá àtọdẹ, wọ́n ń wá a. Abẹ́ bàtà Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò ni wọ́n ti rí i. Ọkùnrin náà mú un, ó nà án sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. “Bàbá, ẹ gbà.”

Mùbárákù fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. “Háà! N ò gbà o! Lójú ọlọ́pàá? Ìwé àṣẹ yín dà, tí ẹ fi ń pín ẹ̀yà ìbọn kiri?”

Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, àtìmọ́lé ni ọ̀rẹ́ méjèèjì ì bá ti kírun àṣálẹ́.

Bí Mùbárákù ti rí nìyẹn, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọba ni, àgbẹ̀ tó ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ lọ́nà Kuta, ọdẹ tí ìbọn ṣakabùlà tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kì í ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò. Òun àti Mikail jọ jókòó sórí ẹní kan náà nílé kéwú ni, bí wọ́n sì ti dàgbà tó, Mikail kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Mùbárákù bá dá wàhálà sílẹ̀, Mikail ni yóò gbé apá kan rẹ̀ dání.

Ìtàn sísọ ni iṣẹ́ rẹ̀ kejì. Ó ní ìgalà kan tó yìnbọn fún nígbà èwe rẹ̀, tí ọta gba ara rẹ̀ kọjá tó sì tún pa òmíràn. Ní oṣù Ààwẹ̀ kan, bí wọ́n ti ń ṣínu, ni ìtàn náà bá di ẹran mẹ́ta.

Mikail gbé ife ẹ̀kọ sílẹ̀. “Mùbárákù, bẹ Ọlọ́run. Léṣìí, méjì ni.”

“Ọ̀kan nínú wọn lóyún nígbà yẹn,” ni Mùbárákù wí. “Ó ti bí.”

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn yẹn rẹ́rìn-ín kò mọ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà á. Mikail mọ̀. Òyà àti ọ̀bọ ò jẹ́ kí àgbàdo rímú mí, àwọn tó ń ja àgbẹ̀ lólè sì ti ń yọjú lọ́nà oko. Ìbọn àtijọ́ kì í sì í ṣàìbàjẹ́. Bí kò bá sí ẹni tí yóò ta sípíríǹgì fún ọdẹ mọ́, kí ni ọdẹ fẹ́ fi ṣọ́ oko? Àwọn kan ní ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni ti ẹ̀yà, gbogbo ìbọn ni ìjọba ń bọ̀ wá kó. Ìròyìn tún jáde pé ọlọ́pàá yóò máa wọ ilé dé ilé. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n Mùbárákù kò dúró gbọ́ ìparí rẹ̀. Ó tú ìbọn, ó fi ẹ̀yà rẹ̀ pamọ́ káàkiri ilé.

Nígbà tí ara ìlú rọlẹ̀, ó wá ọ̀pá irin rẹ̀ títí, kò rí i. Òun àti Mikail tú yàrá, wọ́n tú àká. Ìgbà tí wọ́n yọjú sí ilé ìdáná ni wọ́n bá Hàbíbátù ìyàwó rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó fi ẹnu sí ọ̀pá náà lápá kan, ó ń fẹ́ná. Iná náà sì ń jó geere.

“Hàbíbátù! O ò mọ̀ pé ìbọn ni?”

Hàbíbátù ò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. “Bàbá Humairah, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún ìjọba pé kì í ṣe ìbọn?”

Mùbárákù jókòó ti ààrò, ó dúró de ọ̀pá rẹ̀ títí ọbẹ̀ fi jinná. Mikail ní òun ì bá sanwó wo ìran yẹn.

Ṣùgbọ́n eré kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Nítorí òfin tí kò tíì délẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ tí gbogbo ìlú mọ̀ bẹ̀rù, wọ́n ní àwọn ò ṣe ẹ̀yà ìbọn mọ́. Mikail náà ń ṣọdẹ, ọ̀pá irin ìbọn rẹ̀ sì ti dípẹtà. Ni ó bá lọ ra òmíràn lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ilé rẹ̀, tó ń tà á lábẹ́lẹ̀ ní Olúpọ̀nnà. Irin náà ń dán bí ojú dígí. Mùbárákù yẹ̀ ẹ́ wò, ó yìn ín, ó tilẹ̀ jowú díẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sóko láàárọ̀ ọjọ́ kan. Òyà yọ ní ẹ̀bá àgbàdo. Mikail wò ó sùn-ùn, ó yìnbọn. Gbàù! Èéfín bo gbogbo rẹ̀, irin fọ́n káàkiri. Mùbárákù ju àdá nù, ó sá wọ inú èéfín, ó ń ké, “Mikail! Mikail, dá mi lóhùn!”

Nígbà tí èéfín ká, Mikail wà ní ìjókòó nílẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, irùngbọ̀n rẹ̀ apá òsì ti jó tán pátápátá. Mùbárákù kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó na ìka sókè. “Ṣé o ríran? Ìka mélòó nìyí?”

Mikail ṣẹ́jú. “Èmi ò lè kà á. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ̀n.”

Ọ̀kadà gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó fọ ojú náà, Kareemah lorúkọ rẹ̀, tan iná wò ó, ó tún un wò, ó ní, “Ẹ dúpẹ́, Bàbá. Èédú lásán ló wọ̀ ọ́. Ojú wà níbẹ̀.” Mikail ní, “Alhamdulilahi.” Ṣùgbọ́n nígbà tó yí padà láti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ̀, kò rí i. Mùbárákù ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí ilẹ̀kùn, ó fi fìlà bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Láti ilé kéwú, lábẹ́ pàṣán alùfáà, Mikail kò rí i kó sunkún rí.

Ìgbà tó sunkún tán, ó padà sóko lọ ṣa àwọn irin tó fọ́n ká. Ó mú ọ̀kan wá. Ibi tí wọ́n ti ń dè é mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi ṣì hàn gbangba lára rẹ̀.

“Páìpù omi ni wọ́n tà fún ọ,” ó wí. “Àṣé ẹran tí o fẹ́ pa yẹn, o fẹ́ fi omi wẹ̀ ẹ́ ni.”

Láìpẹ́, àwọn aṣòfin ní kí ará ìlú wá sí Òṣogbo wá sọ èrò wọn lórí òfin náà. Mikail fẹ́ fá irùngbọ̀n tó kù. Mùbárákù di ọwọ́ onígbàjámọ̀ mú. “Má fá a. Ẹ̀rí ni.” Mikail yarí kanlẹ̀. Ó ní ìyàwó òun Ṣẹ̀fíátù ò lè wo òun lójú mọ́ láìrẹ́rìn-ín, kò sí bí òun yóò ṣe dá gbé ààbọ̀ irùngbọ̀n la ìgboro Òṣogbo kọjá. Mùbárákù ronú díẹ̀. Ó jókòó sórí àga onígbàjámọ̀, ó ní kó fá ti òun náà, apá òsì nìkan.

Nínú ọkọ̀, obìnrin kan wò wọ́n títí, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. “Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá, ṣé ẹgbẹ́ ni yín ni?”

“Ẹgbẹ́ ni wá,” ni Mùbárákù dáhùn. “Ẹgbẹ́ ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́-kan.”

Ní Òṣogbo, àwọn ọdẹ Ìwó ti sọ fún gbogbo ayé pé akọni àwọn ń bọ̀ wá fa òfin náà ya. Nígbà tí wọ́n pè é, ó di ọwọ́ Mikail mú lọ síwájú, ó yí ojú rẹ̀ sápá òsì, ó tún yí i sápá ọ̀tún.

“Ẹ wò ó dáadáa,” ó wí. “Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló ta páìpù fún un. Bí ojú rẹ̀ bá ti lọ, ta ni a ó mú? Ẹ ṣe òfin yẹn. Ẹ gbọ́ mi o, ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jẹ́ alágbẹ̀dẹ ìlú wa tí a mọ ilé bàbá wọn ni yóò máa tà á, kí orúkọ wọn wà lọ́wọ́ yín, kí ó sì wà lọ́wọ́ àwa náà, kó lè jẹ́ pé bí irin wọn bá bẹ́, a mọ ẹnu ọ̀nà tí a ó lọ jókòó sí. Ẹ má sọ pé kí arúgbó rìnrìn àjò torí sípíríǹgì. Ẹ má sì gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tó fi ń ṣọ́ oko tí ẹ̀yin náà ń jẹ nínú rẹ̀.”

Ọdẹ kan pariwo láti ẹ̀yìn, “Wọ́n ti fún un ní rìbá!”

Mùbárákù fi ọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ tó ń dán. “Òótọ́ ni. Ààbọ̀ irùngbọ̀n ni wọ́n fún mi.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí èsì tó jáde. Ní gbogbo àkókò náà, Mùbárákù kò jẹun kánú, ó ń tẹ́tí sí rédíò bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣèdánwò. Nígbà tí wọ́n kéde pé wọn ò ní gba ìbọn ọdẹ kankan, àti pé alágbẹ̀dẹ tó bá forúkọ sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀ lè máa tún un ṣe, kó sì máa ta ẹ̀yà rẹ̀, Hàbíbátù bá a ní ìforíbalẹ̀ lórí ẹní ìkírun. Ó rò pé ó ń dúpẹ́ ni. Àṣé ó ti sùn lọ. Hàbíbátù ní oorun tí kò rí sùn látìgbà tí ojú Mikail ti fẹ́ bọ́ ló wá san padà.

Alágbẹ̀dẹ Ìsàlẹ̀-Ọba ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀ padà, ọdẹ ń wọlé, ọdẹ ń jáde, ara ti tu oníkálukú. Ẹni tó pariwo rìbá yẹn gan-an wá dọ̀bálẹ̀ fún Mùbárákù lójú ọ̀nà. Mùbárákù gbé e dìde, ó sì fi ìtàn ìgalà dí i lọ́wọ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ẹran mẹ́rin ni lọ́jọ́ náà.

Ìgbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e ni Mùbárákù lọ. Kò ṣàìsàn púpọ̀. Ó kírun òwúrọ̀ Jímọ̀ọ̀ tán, ó ní ó rẹ òun díẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, kò sì dìde mọ́. Mikail wà lára àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò láti tẹ́ ẹ. Ó tún etí aṣọ funfun tí wọ́n fi dì í ṣe ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, ó rọra ṣe é, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹni tó ń sùn.

Kò sí ọjọ́ tí Mikail kì í gba ẹnu ọ̀nà ilé Mùbárákù kọjá bó bá kírun ìrọ̀lẹ́ ní mọ́ṣáláṣí tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì mọ ọ̀nà mìíràn. Lọ́jọ́ kan, ó gbàgbé pátápátá, ó nahùn bó ti máa ń ṣe: “Salamu alaikum, ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o wà nílé?”

Ìgbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ló rántí. Ó dúró gbagidi, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Hàbíbátù dáhùn láti inú ilé. “Wa alaikumu salamu. Kò sí nílé o, Bàbá Zulaykha. Ṣùgbọ́n ẹ wọlé, ẹ jókòó dè é.”

Ó gbé àga jáde fún un, ó bu omi tútù wá, òun náà sì jókòó. Lẹ́yìn náà ni Hàbíbátù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, Mikail sì bá a rín in, wọ́n ń rín in jẹ́jẹ́ títí wọ́n fi pe ìrun Màǹgàríbà.