Ọjọ́ Tí Ìyá Kékeré Gé Bomubomu

Iṣẹ́ fótò ni mò ń ṣe jẹun ní Pobè. Sítúdíò kékeré ni mo ní lẹ́bàá ọjà, fótò ìdánimọ̀ ló sì ń gbé èèyàn wá bá mi jù, àwọn pẹlẹbẹ mẹ́rin tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ní mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ gbé àgbọ̀n sókè. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ti tán. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ojú èèyàn ni mò ń wò. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó sú mi. Bí mo bá ti ti ilẹ̀kùn, mi ò tún fẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni nínú àpáréì tí mo fi ń ya fótò mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bá kòkòrò lọ. Kòkòrò kì í ní kí n jẹ́ kí òun pupa díẹ̀ sí i, kì í sọ pé imú òun ti tóbi jù. Mo máa ń wọ oko ọ̀pẹ lọ ya àwọn tíntìntín tó ń rìn lórí òdòdó akọ ọ̀pẹ, àwọn tó jẹ́ pé bí kì í bá ṣe tiwọn, ọ̀pẹ ò ní so ẹyìn dáadáa, àwa náà ò sì ní rí epo jẹ. Mo máa ń wọ tasí lọ sí Sakété nítorí gọ́tà kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ tí lámilámi pupa pọ̀ sí. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ kọ́kọ́ rò pé orí mi ò pé. Bàbá kan tiẹ̀ dì mí lápá mú, ó ní kí n sọ ẹni tó rán mi wá wo ilẹ̀ òun. Mo fi lámilámi hàn án nínú àpáréì. Ó wò ó títí, ó ní, "Ìyẹn nìkan náà lo bá wá?" Ó fi mí sílẹ̀, àmọ́ kò gbà mí gbọ́.

Ìyá Kékeré la máa ń pe àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Ahoyéyé. Àwọn ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá mi kú. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin ni, èmi àti òun la jọ dàgbà. Libreville ló wà láti ọdún mọ́kànlá, ó ń ta aṣọ níbẹ̀, kò sì tíì padà wálé rí. Fóònù Ìyá Kékeré ò ju èyí tí wọ́n fi ń pe èèyàn tí wọ́n sì fi ń tanná lọ, kò lè gbé àwòrán. Torí náà, èmi ni ọmọ wọn ń bẹ̀. "Jọ̀ọ́, ya màmá fún mi. Mo fẹ́ rí ojú wọn." Ohùn rẹ̀ wà nínú fóònù mi bí ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí ẹ̀ẹ̀meje. Gbogbo ìgbà ni mo ń fèsì pé kó fọkàn balẹ̀, màá ṣe é lọ́sẹ̀ yìí.

Ìyá Kékeré fúnra wọn ò yé béèrè. "Ìgbà wo lo máa yà mí fún ọmọ mi?"

Èmi á sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ti labalábá yìí ṣe. Òun ló níyẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin ò kúkú ní fò lọ."

"Hẹn-ẹn. O káre," ni wọ́n máa ń wí, wọn á sì lọ bu omi wá fún mi mu.

Labalábá tí mò ń wí yìí, bomubomu kan tó hù lẹ́yìn balùwẹ̀ wọn ló yé sí. Ẹ mọ bomubomu, igi tí oje funfun máa ń ṣàn lára rẹ̀ téèyàn bá já a léwé, tí àwọn Fúlàní fi ń ṣe wàrà. Mo ya ẹyin labalábá náà. Mo ya kòkòrò tó jáde nínú rẹ̀, abilà dúdú, funfun àti pupa rúsúrúsú, tí kò mọ̀ ju kó jẹ ewé lọ. Mo ya ọjọ́ tó so ara rẹ̀ kọ́ sábẹ́ ewé, tó wọ inú èèpo tútù kan tí àmì wúrà wínníwínní wà lára rẹ̀. Ó ku kí labalábá jáde nínú èèpo yìí. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wá odindi rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹyẹ á ṣa ọ̀kan jẹ, òjò á gbá òmíràn lọ. Èyí ni mo rò pé ó máa bọ́ sí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, mo rí i pé èèpo náà ti ń dúdú, ìyẹ́ ti ń hàn nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ tó bá mọ́ ló máa jáde. Bátìrì mi ti kú, kò sì sí iná mànàmáná nílé Ìyá Kékeré, ni mo bá ní kí n padà sí Pobè. Mo nawọ́ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀.

"Ìyá Kékeré, láàárọ̀ ọ̀la, ibí yìí ni màá ti ya fótò gidi o. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tàbí ewúrẹ́ débẹ̀."

Wọ́n wò mí. "Láàárọ̀ ọ̀la?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o."

"Ó dáa. Màá tọ́jú ibẹ̀ fún ọ."

Inú mi dùn. Mo gun zẹmijan, ọ̀kadà tiwa, lọ.

Agogo mẹ́fà ààbọ̀ ni mo dé lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ mọ́ tónítóní. Wọ́n ti ro ó, wọ́n ti gbá a, ojú ìgbálẹ̀ ṣì hàn lára ilẹ̀ pupa náà. Àga kan wà láàárín. Bomubomu ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó wà nínú òkìtì pàǹtí lápá ọ̀hún, èéfín ti ń rú lórí rẹ̀.

Yéè! Mo ké. Mo fi ọwọ́ tú òkìtì náà títí iná fi jó mi, mi ò rí èèpo náà, mi ò rí ewé tó so kọ́ sí. Ìyá Kékeré yọ sẹ́nu ọ̀nà. Mi ò tiẹ̀ wo ohun tí wọ́n wọ̀.

"Ta ló gé e? Ta ló gé e?"

"Èmi ni. Láti ìdájí ni mo ti..."

"Ẹ̀yin? Àbí ẹ ò lójú ni? Mo ní kẹ́nikẹ́ni má débẹ̀! Ọdún mẹ́ta! Ẹ ti bà á jẹ́ fún mi!"

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, sí obìnrin tó wẹ̀ mí tó sì fún mi lóúnjẹ. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Wọn ò jágbe padà. "Ìwọ lo ní o máa ya fótò níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Ta ló ń jókòó sínú igbó ya fótò? Kí ọmọ mi wá rò pé inú pàǹtí ni mò ń gbé, kó máa sunkún nílùú onílùú?"

Ìgbà yẹn ni mo tó wò wọ́n. Wọ́n ti fi pọ́dà sójú. Aṣọ tí ọmọ wọn fi ránṣẹ́ láti Libreville ni wọ́n wọ̀, ojú ibi tí wọ́n ti ká a sínú àpótí ṣì hàn. Àtẹ́lẹwọ́ wọn ti bó níbi tí wọ́n ti di ọkọ́ mú. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá dárúkọ fótò, èèyàn ló ń wí. A ó gbálẹ̀, a ó gbé àga síta, a ó wọ èyí tó dáa. Èmi ni mo gbé kòkòrò sọ́kàn débi pé mo rò pé òun náà ni gbogbo ayé ń rò. Inú tó ń bí mi rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, ẹkún ló rọ́pò rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá Kékeré."

"Dìde, kí o yà mí kí oòrùn tó le. Mo fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Wọ́n jókòó sórí àga. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n gbé e lé itan. "Ó máa fẹ́ rí irun mi," ni wọ́n wí. "Òun ló máa ń bá mi dì í nígbà tó wà nílé." Mo yà wọ́n bẹ́ẹ̀. Mo yà wọ́n títí wọ́n fi ní ó tó.

Bí mo ṣe dé Pobè, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa, mo fi fótò náà ránṣẹ́. Mo ń retí ẹkún, mo ń retí àdúrà. Nígbà tó di ọ̀sán, ọmọ Ìyá Kékeré fèsì. Ìbéèrè kan péré ló tẹ̀ ránṣẹ́.

"Ìgbà wo ni irun màmá funfun tán báyìí?"

Mo ṣí gbogbo fótò tí mo ti yà ní Ahoyéyé, ó lé ní ọdún mẹ́jọ. Mo rí eèrà, mo rí oyin, mo rí aláǹtakùn, mo rí òdòdó ilá. Ìyá Kékeré ò sí níbẹ̀, àfi ọwọ́ wọn níbì kan, níbi tí wọ́n ti ń bá mi di ẹ̀ka mú kí afẹ́fẹ́ má baà mì ín. Ọjọ́ tí kòkòrò ara bomubomu yẹn bọ́ awọ kẹ́yìn, mo lè sọ ọ́, mo lè sọ wákàtí rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí i pé mi ò mọ̀.