Orúkọ tí Mo Fi Ẹsẹ̀ Pè

Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nídìí eré orin kan ní Ọ̀fà. Ó ti pẹ́, àmọ́ ó ṣì ń dùn mí!

Ká tó gba òmìnira ni. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Tíṣà kan tó ń darí kwáyà ṣọ́ọ̀ṣì kọ eré orin lórí ìjàkadì, orò Ọ̀fà. Ohùn wọn dùn, àmọ́ ijó ńkọ́? Wọ́n kàn dúró bí òpó ilé ni! Ni Tíṣà bá wá bẹ ọkọ mi, torí ó ti gbọ́ pé àwa ìyàwó ilé wa mọ̀ ọ́n jó. Mùsùlùmí ni wá, ìyẹn ò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. A pa orin wọn pọ̀ mọ́ ijó wa, ó di eré kan ṣoṣo.

Wàhálà kan wà ṣá. Orúkọ tí Tíṣà fún ajìjàkadì inú eré náà, orúkọ bàbá ọkọ mi ni! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa pè é: bó bá ṣubú, èmi tí mo ṣe ìyá rẹ̀ ni kí n ké e. Ìyàwó wo ló ń pe bàbá ọkọ lórúkọ? Inú bí Tíṣà, ó ní eré lásán ni. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ pè é."

Kwáyà á dákẹ́ rọ́rọ́. Mà á kúnlẹ̀, mà á dìde, mà á fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ níbi tí orúkọ náà ì bá ti jáde. Nígbà tí a ṣe é ní Ojoku, ìlú tó wà nítòsí wa, àwọn àgbàlagbà sunkún. Torí ibi ijó yẹn gan-an ni gbogbo èèyàn ṣe ń wá wò wá.

Ni wọ́n bá pè wá sí Ìbàdàn. A di ẹrù wa, a dé stéṣọ̀n rélùwéè, a bá àwọn ọmọ kwáyà nínú ọkọ̀, aṣọ ijó wa lọ́rùn wọn. Tíṣà yọrí lójú fèrèsé, ó ní àyè ò tó, pé àwọn ọmọ òun ti mọ ijó náà. "Ẹ ti kọ́ wọn tán, ẹ̀yin ìyàwó. Ẹ ṣeun."

Ẹni a ní kó feni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Ọkọ̀ gbéra, a ru ẹrù wa padà sílé.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ṣe é ní Ọ̀fà. Tíṣà sọ fún gbogbo èèyàn pé òun nìkan ló ro gbogbo rẹ̀. Ọmọbìnrin tó gba ipò mi ń jó ijó mi, ó sì tún ń ké orúkọ náà sókè. Kí ni ẹsẹ̀ ń wá níbẹ̀ mọ́, nígbà tí ẹnu ti pè é? Ẹnikẹ́ni ò sunkún.

Bàbá ọkọ mi jókòó nítòsí. Ó ní, "Ìyàwó, orúkọ mi ni wọ́n ń pariwo yẹn. Ṣé ìwọ lo kọ́ wọn níjó yìí?"

Iṣẹ́ ọwọ́ mi rèé o, àmọ́ bí mo bá gbà, á dà bíi pé èmi ni mo kọ́ wọn láti máa pe orúkọ Bàbá! Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Rárá, Bàbá. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Bí ẹ bá bá èèyàn da iṣẹ́ pọ̀, ẹ jẹ́ kí ayé gbọ́ ipa tiyín kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti gba iṣẹ́ yín rí, tó tún bà á jẹ́? Ẹ sọ tiyín fún mi. Àmọ́ ẹ má bi mí lórúkọ ajìjàkadì yẹn. Bàbá ti lọ tipẹ́, mi ò sì tíì pè é.