Lọ́yà Ìyá Ruqoyah

Bí wọ́n bá ní kí Ruqoyah ka ohun tí Joanna fi jù ú lọ, ilẹ̀ á ṣú kó tó parí. GRA Ògùdù ni Joanna ń gbé, dókítà ni bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọsibítù ni wọ́n sì fi ń jẹun alẹ́ nílé wọn. Kẹ́tu ni Ruqoyah ti ń wá ní tirẹ̀, báàgì rẹ̀ á sì máa rùn tàtàṣé tí ìyá rẹ̀ ń tà. Àwọn méjèèjì jọ ń kọ́ òfin ní yunifásítì. Nígbà tí olùkọ́ òfin ìlera mú Joanna pé kó lọ ṣojú kíláàsì níbi ìdíje, Ruqoyah pàtẹ́wọ́ bíi tàwọn yòókù, ṣùgbọ́n kò yíjú sí ọ̀dọ̀ Joanna. Owú ni, kò lórúkọ míì. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Ruqoyah náà ti ń rù díẹ̀díẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni Joanna ò ní. Ní ọjà Mile 12, lójú gbogbo aláta, "Lọ́yà mi" ni ìyá Ruqoyah ń pe ọmọ rẹ̀. Orúkọ yẹn ni Ruqoyah fi ń tu ara rẹ̀ nínú.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ láti yọ ìju inú ilé ọmọ fún ìyá yìí ní ọsibítù kan ní Ìkòsì, Joanna gbé ọsàn wá kí wọn. Ruqoyah rẹ́rìn-ín gbà á, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ta ló ránṣẹ́ pè é. Nọ́ọ̀sì mú ìwé àṣẹ iṣẹ́ abẹ wọlé. Bàbá Ruqoyah ti kú; nílé wọn, àkọ́bí ló ń buwọ́ lu irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ mú un wá," ni Ruqoyah wí, ó ti mú bírò dání. "Èmi ni first born. Mo sì ń ka law."

Ìyá ni Joanna ń wò. "Mummy, ṣé dókítà ti explain ẹ̀ fún yín? Ṣé ẹ̀rù ò bà yín?"

Ìyá yíjú sí i. "Ṣé wọn ò ní yọ ilé ọmọ mi? Mi ò mọ ẹni tí mo lè bi ni."

Bírò dúró lọ́wọ́ Ruqoyah. Ohun tó ti kọ nínú ìdánwò òfin ìlera nìyí: aláìsàn tó ti dàgbà, tí orí rẹ̀ pé, òun ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún, òun náà ni yóò buwọ́ lùwé. Ó gba máàkì tó jọjú níbẹ̀. Kò ṣáà fìgbà kankan rántí pé ìyá òun náà lè jẹ́ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀.

Wọ́n pe dókítà. Ó jókòó, ó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ yọ àti ewu tó wà níbẹ̀. Ìyá bi í léèrè títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀, ó wá gba bírò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì rọra kọ orúkọ ara rẹ̀.

"Lọ́yà mi, o ṣeun," ni ó wí.

Ruqoyah gbójú sókè láti dáhùn. Ọwọ́ Joanna ni ìyá rẹ̀ dì mú.