Màámi Lórí Àga Dírẹ́bà

Tí Bàámi bá wà nílé wa ní Olodi-Apapa, inú wọn á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé tírélà wọn dé ibùdókọ̀ Coconut, kí wọ́n tò sẹ́yìn àwọn tó ń dúró wọ èbúté Tin Can lọ gbẹ́rù, kíá, inú ti dà rú, ìgbẹ́ gbuuru ti dé.

Màámi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Wọ́n kó gbogbo ṣúgà ilé pamọ́, wọ́n wá ń fún Bàámi lágbo jẹ̀dí. Àgbo tó ń ṣínú! Fún ẹni tínú ẹ̀ ti ń ṣí! Inú bí mi.

"Màámi, ṣé ẹ fẹ́ fi àgbo pa wọ́n ni?"

"Ìwọ tó ò ń ka ìwé kiri, ta ló sọ ẹ́ di dọ́kítà?"

Dọ́kítà gan-an ti sọ ọ́. Ó ní kò sí kòkòrò, kò sí egbò, ìfun Bàámi ni ò gba àníyàn. Ó tún fún wọn ní oògùn tó ń múni tọ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ọjọ́ kan mo gbé gààrí lọ bá wọn ní Coconut. Oògùn yẹn kún inú àpótí iwájú ọkọ̀, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ wọn ti wú.

"Bàámi, kí lẹ̀ ń fara yín ṣe?!"

"Tí mo bá lò ó, mo máa tọ̀. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀, wọ́n á kọjá mi."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Tí èèyàn bá wà lórí àga dírẹ́bà, kò sẹ́ni tó máa kọjá ẹ. Tí àga bá ṣófo, o ti padà sẹ́yìn nìyẹn. Bàámi ò sì ní ọmọ ọkọ̀ tó máa bá wọn jókòó síbẹ̀. Wọ́n ń di ìgbẹ́ mọ́ra, ẹ̀rù ń bà wọ́n, ẹ̀rù yẹn náà tún ń da inú rú.

Mo sáré lọ sọ fún Màámi. Mo ti múra ìjà. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n da àgbo sí gọ́tà, wọ́n di nǹkan mọ́ etí ìró, wọ́n ní ká lọ.

Màámi tí ò mọ búréèkì yàtọ̀ sí gíà! Wọ́n gun tírélà, wọ́n fọwọ́ méjèèjì di sítíárì mú.

Dírẹ́bà ẹ̀yìn yọrí jáde. "Mama, na you wan drive am?"

"Kọjá mi, kó o rí i!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàámi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n rọra ń lọ sí ṣáláńgá àwọn mẹkáníìkì, bí ẹni tó ń ṣeré lọ.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo kà á pé tí àyà bá ń jáni, nǹkan kan máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, á máa wá ibi tó máa jókòó sí káàkiri ara, títí dé ìfun. Wọ́n ní oògùn kan wà nínú àwọn tó ń múni tọ̀, tó máa ń lọ jókòó síbẹ̀ kí nǹkan yẹn tó dé. Nígbà tí mo kà á, Màámi lórí àga yẹn ni mo rí.

Inú Bàámi ò san tán o, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, wọ́n padà dé, wọ́n lo oògùn wọn lójú wa. Màámi tú etí ìró wọn. Ṣúgà ni. Wọ́n dà á sí gààrí Bàámi, wọ́n rò ó.

"Ẹ rọra mu ún. Mi ò tíì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀."